Méje Tí A Kì Í Ṣí Nípò

Ní Ẹdẹ, tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá àlejò ni ọ́, wọn kò ní béèrè orúkọ bàbá rẹ. Wọn yóò kàn bi ọ́ pé níbo lo wà lọ́jọ́ tí olóògbé Ìyàndá Onísígínà to ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́rin bí ẹni to bíríkì, nítorí iyọ̀ àti ṣúgà. Gbogbo ìlú ló ní àwọn wà níbẹ̀. Bí gbogbo àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, èrò ì bá ti kún pápá ilé ìwé náà títí dé Awo, ì bá sì ti dènà mọ́tò ní Sẹ́kọ́nà.

Ayé ológun ni. Àwọn sójà kó ọjà kòṣeémánìí wá sí pápá, oríṣi mẹ́sàn-án, láti orí iyọ̀ dé orí sadíìnì. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní páálí kékeré kan tí nọ́ḿbà wà lára rẹ̀. Ẹni tó gba ọ̀kan, iyọ̀ ni yóò rà. Ẹni tó gba méje, òróró ni. Sájẹ́ǹtì tó ṣáájú wọn ní kí gbogbo ènìyàn tò. Wọ́n tò. Kó tó yíjú padà, ìlà ti di agbo, agbo ti di ìjà, bàbá àgbàlagbà kan sì ti já okùn ṣòkòtò bàbá àgbàlagbà mìíràn. Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ sí kòbókò. Ibẹ̀ ni fèrè ti dún.

Ìyàndá ló fọn ọ́n. Ó dé kẹ́ẹ̀pù réluwé rẹ̀ tó ti ṣá di àwọ̀ eérú, ó mú àsíá pupa lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ òsì, ó ń rìn bọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Sájẹ́ǹtì rí kẹ́ẹ̀pù, ó rí fèrè, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pàdé, ó ṣe sàlúùtù. Títí ó fi kúrò ní Ẹdẹ, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹni tí réluwé ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ló kí bẹ́ẹ̀.

Ìyàndá ṣàlàyé. Ẹni méjì tó ń wá iyọ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí ìlà kan náà, torí àwọn gan-an ni yóò jà. Oníyọ̀ kì í bá oníṣúgà jà. Kí wọ́n fún òun ní ìlà mẹ́sàn-án ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òòró, kí nọ́ḿbà kankan má ṣe fara hàn lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. Kò wo ìwé. Kò pẹ́ tí ọgọ́rin ènìyàn fi wà ní ipò wọn, tí wọ́n dákẹ́ bí ìgbà tí páítọ̀ bá ní ká dìjú.

Ó ku ẹyọ kan. Kúlúsúmù ọlọ́ṣẹ, aládùúgbò Ìyàndá, ló mú páálí méje lọ́wọ́, abẹ́ igi ọdán ló sì dúró sí. Ibi tó wà yẹn, méje mìíràn ti wà lórí ìlà rẹ̀, ìyẹn ìlà kẹfà.

"Ìyá Fàtímọ̀, jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré sí apá ọ̀tún," ni Ìyàndá wí.

"Inú oòrùn?"

"Ibẹ̀ ni ipò rẹ."

"Bàbá Onísígínà, láti ìdájí ni mo ti gba abẹ́ igi yìí. Bí òróró bá fẹ́ mi, kó wá bá mi níbí."

Sájẹ́ǹtì sún mọ́ wọn. Ó wo ojú Kúlúsúmù, ó wo kòbókò ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé kòbókò náà kéré. Ó wá bi Ìyàndá pé ta ni méje kejì. Ìyàndá nàka. Títílayọ̀ ni, ìyàwó rẹ̀, tó dúró jẹ́jẹ́ sí ààrin ìlà kẹfà pẹ̀lú ìgò òróró òfìfo.

"Ẹ ṣí ìyàwó yín nípò nígbà náà, ká lè ráyè lọ."

Ìyàndá bọ́ kẹ́ẹ̀pù. "Kò ṣe é ṣí, ọ̀gá. Méje tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ìwé ni. Òun ni mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ara rẹ̀ ni gbogbo àwọn tó kù ti mọ ipò tiwọn."

Títílayọ̀ gbé ìgò òróró bojú, bí ẹni pé ènìyàn lè sá pamọ́ sẹ́yìn ìgò. Ọjà tán lọ́jọ́ náà láì na ẹnikẹ́ni, Kúlúsúmù ra òróró tirẹ̀ lábẹ́ igi, sájẹ́ǹtì sì na ọwọ́ láti bọ Ìyàndá lọ́wọ́. Ìyàndá kọ̀. Ó ní kí wọ́n má tíì kí òun, méje méjì ṣì wà lórí ìlà kẹfà.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi ṣiṣẹ́ sígínà ní téṣàn Ẹdẹ, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: kí ọkọ̀ méjì má ṣe pàdé lórí irin kan. Irin róbótó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kó tó lè kọjá. Ẹyọ kan ṣoṣo ni irin náà, nítorí náà ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè wà lójú ọ̀nà. Ó fi iṣẹ́ yìí sọ́kàn débi pé bí òun àti ẹlòmíràn bá jọ dé ẹnu ilẹ̀kùn, yóò fa àsíá pupa yọ nínú àpò. Ọmọ rẹ̀, Ayọ̀mídé, búra pé bàbá òun kì í bu òkèlè kejì títí yóò fi dá a lójú pé àkọ́kọ́ ti gúnlẹ̀.

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn fún ìgbànú, ìgbànú Ìyàndá ni wọ́n kọ́kọ́ já. Wọ́n ní kó máa lọ ilé. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti dín kù nígbà náà; ó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sì lè gbàgbé. Ilé Ìyàndá kọjú sí ojú irin, nítorí náà ó gbé àga síta, ó dé kẹ́ẹ̀pù, ó ń ṣọ́ irin tí koríko ti ń hù lórí rẹ̀. Ewúrẹ́ tó bá fẹ́ kọjá ní láti dúró kó júwe aláwọ̀ ewé.

Ọdún yẹn gan-an ni tọkọtaya míṣọ́nnárì kan tó ń padà sí Amẹ́ríkà fi àpótí ìwé àlòkù ta ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ́rẹ. Ìjọ pín in. Àwọn kan gba ìwé oúnjẹ tí wọn kò ní rí èèlò rẹ̀ rà láéláé. Ìyàndá gba màgàsíìnì kan tó kún fún eré ọpọlọ. Nínú rẹ̀ ló ti rí àpótí nọ́ḿbà mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí nọ́ḿbà wà nínú díẹ̀, tí àwọn tó kù sì ṣófo.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi bá àwọn ará Amẹ́ríkà kẹ́dùn. Ó gbà pé ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin wọn ni. Ó fi han Títílayọ̀: nínú ọkọ̀ mọ́kànlélọ́gọ́rin tó yẹ kó dé, ọgbọ̀n péré ló dé. "Ọ̀wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ àwọn náà," ló wí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí páítọ̀ ní kí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ dìde, Ìyàndá dìde, ó sì fi réluwé Amẹ́ríkà lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Mísì Bọ́lánlé, olùkọ́ ìṣirò tó ń jókòó lẹ́yìn wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló gba ìwé náà, tó ka òfin eré tó wà lókè rẹ̀. Ó ní eré ni. Ọ̀kan sí mẹ́sàn-án ni kí ènìyàn fi dí àwọn ilé tó ṣófo, kí nọ́ḿbà kan má ṣe wà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà ìbú, kó má ṣe wà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà òòró, kó má sì wà lẹ́ẹ̀mejì nínú àwọn àpótí kékeré mẹ́sàn-án tó wà nínú àpótí ńlá. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ ọn, ènìyàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìyàndá gba ìwé náà padà. Ó ní kó tún un sọ. Ìlà, ojú irin nìyẹn. Àpótí kékeré, téṣàn nìyẹn. Nọ́ḿbà, ọkọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ pàdé lójú irin kan.

"Iṣẹ́ mi nìyí," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Wọ́n ti gbé e wá bá mi nílé."

Kò fẹ́ fi pẹ́ńsù ba ìwé jẹ́, ló bá ya àpótí náà sórí pátákó, ó ní ìdérí ìgò tí òun kọ nọ́ḿbà sí ni yóò jẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yìn ilé ọtí ló ti ṣa ìdérí, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, ìròyìn ti dé etí àwọn díákónì pé Ìyàndá mu ìgò mọ́kànlélọ́gọ́rin ní ìjókòó kan, ó sì ń kó ìdérí rẹ̀ relé. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó tú àpò sílẹ̀ níwájú wọn, ó ní, "Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n, ẹ̀yin bàbá." Àwọn díákónì wo ara wọn lójú. Wọ́n gbà pé ohun tó mu ju ìgò mọ́kànlélọ́gọ́rin lọ.

Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti parí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ìkẹwàá ló wá dè é mọ́lẹ̀. Ibi yòówù kó gbà, márùn-ún méjì á kọlu ara wọn, á fọn fèrè ìjàm̀bá, á sì gbá gbogbo ọkọ̀ kúrò lójú irin. Nígbà tó sú u, ó ní òun yóò kàn yọjú wo ojú ìwé ìdáhùn lẹ́yìn màgàsíìnì, nọ́ḿbà kan péré. Ó ṣí i. Ojú ìwé mẹ́rin ti lọ, ó ku etí wọn.

Títílayọ̀ ló ya wọ́n. Ẹ̀pà yíyan ló ń tà lẹ́bàá téṣàn, ní ìgbà tí bébà tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà ṣòro rí ju ẹ̀pà lọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì ń kẹ́dùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà, ó yẹ ìwé náà wò, ó rí i pé àwọn àpótí iwájú ní àyè nínú, ọkọ òun lè rí nǹkan kọ sí i. Ti ẹ̀yìn ti kún dẹ́múdẹ́mú. Ó gbà pé wọ́n ti lo èyí tán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi ìdáhùn pọ́n ẹ̀pà, tó tà á fún àwọn tó ń lọ.

Ìyàndá dá ẹ̀bi náà fún èkúté. Ó dẹ pàkúté mẹ́fà, ó mú ọ̀kan láàyè, ó dè é mọ́nú agolo, ó wá jókòó tì í pẹ̀lú kẹ́ẹ̀pù lórí. Ó bi í léèrè bó ṣe jẹ́ tó fi jẹ ojú ìwé mẹ́rin tán pátápátá, tí kò sì fẹnu kan ojú ìwé tí wọ́n ti ń polówó wàrà. Èkúté kò fèsì. Ìyàndá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀ láti fèsì. Títílayọ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ọlọ, ó ní ata ló kó omi sí òun lójú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yọ́ lọ tú èkúté náà sílẹ̀. Kò lè jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣẹ̀wọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ òun.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti pàdánù iṣẹ́, ó rí i padà nínú ìwé kan, òun sì ti ta ìparí rẹ̀ fún èrò ọkọ̀. Kò rí ẹnu sọ ọ́. Ó pinnu pé òun yóò kọ́ eré náà, òun yóò bá a wá ìparí ìkẹwàá kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá síwájú pátákó, ó ní kó kọ́ òun.

Ìyàndá wò ó fìn-ín-fìn-ín. "Ṣé o lè gbọ́ràn sí fèrè lẹ́nu?"

Ó ní òun ti ń gbọ́ràn sí nǹkan tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí Títílayọ̀ bá gbé mẹ́ta sí ojú irin tí mẹ́ta ti wà, fèrè á dún, adìyẹ á sá, àwọn aládùúgbò á dúró gbọn-in níbi tí wọ́n bá wà, torí ó ti kọ́ àwọn náà. Kúlúsúmù ru ìkòkò omi dúró lọ́jọ́ kan títí ọrùn rẹ̀ fi wọnú èjìká, ó ń retí aláwọ̀ ewé. Ìyàndá ti gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn, a gbọ́ pé ó wà lára ohun tó mú kó fi ara mọ́ ibòji lọ́jọ́ ọjà kòṣeémánìí, tó dé lóṣù tó tẹ̀ lé e.

"Ìwọ ń wá ibi tí ọkọ̀ lè lọ," ni Ìyàndá máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ibi tí kò lè lọ ni kó o wá. Tó o bá ti lé e kúrò níbi gbogbo, ibi tó kù, ilé rẹ̀ nìyẹn."

Ó wọ Títílayọ̀ lára. Kó tó pé ọdún kan, ó ti ń yan ẹ̀pà, tó ń fi ọkàn to ọkọ̀. Ọjọ́ kan ni, ó ń ro ẹ̀pà nínú yanrìn gbígbóná, ìkẹwàá ṣí kalẹ̀ níwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìgbà tí wọ́n ká aṣọ kúrò lójú fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀pà jóná. Àwọn oníbàárà ọjọ́ náà kò jẹ́ gbàgbé.

Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ṣẹ́gun ìkẹwàá, ọkùnrin náà yóò yọ̀ fún un, yóò sì fi kẹ́ẹ̀pù bojú. Nítorí náà, tó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, á rọra gbé ìdérí kan sí ipò rẹ̀, ẹyọ kan péré, kí Ìyàndá lè rò pé òun lòun gbé e síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyàndá á jókòó, á wo ìdérí náà, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Á ní méjì yìí kò dá òun lójú. Fèrè á dún, gbogbo rẹ̀ á dilẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe èyí. Ológun kan gba ìjọba lọ́wọ́ ológun kejì, ìkẹwàá wà níbi tó wà. Títílayọ̀ gbà pé kò sí olóríkunkun bíi ti ọkọ òun láti Ẹdẹ dé Kàdúná. Ó sọ ọ́ jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Bàbá Ayọ̀mídé, méjì yẹn tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Kí là ń kánjú fún?" Ìyàndá ti ń kó ìdérí padà sínú agolo. "Ọkọ̀ wo là ń dúró dè?"

Ọ̀sán ọyẹ́ kan ni Ìyàndá lọ, lórí àga rẹ̀, tó fi kẹ́ẹ̀pù bojú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ojú irin. Pátákó wà níwájú rẹ̀, ó ku ìdérí mẹ́ta. Àwọn aládùúgbò kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n dúró, wọ́n retí aláwọ̀ ewé. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni wọ́n tó mọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Kúlúsúmù gbé ọṣẹ wá kí opó. Ó wá abẹ́ igi tó wà níwájú ilé, ó gbé àpótí síbẹ̀, ó jókòó. Títílayọ̀ ń wo pátákó. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Fàtímọ̀, èmi ni èkúté yẹn."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: ojú ìwé mẹ́rin, ẹ̀pà, àwọn èrò ọkọ̀. Ó ní ọkùnrin náà lọ láìrí ìparí ohun tó fẹ́ràn, òun ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kúlúsúmù tẹ́tí títí ó fi sọ ọ́ tán. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Títílayọ̀ rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Ó mọ̀," ni Kúlúsúmù wí. "Èmi ni mo fún un."

Ó ṣàlàyé pé òun wà lára àwọn tó ra ẹ̀pà náà. Nígbà tí òun jẹ ẹ́ tán, òun fi bébà rẹ̀ dí ẹnu ìgò kẹrosíìnì. Lẹ́yìn ìjà ibòji, òun ń wá ohun tí òun yóò fi bẹ Bàbá Onísígínà, òun rí bébà náà, òun rí i pé nọ́ḿbà mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni, òun bá mú un lọ fún un. Ó wò ó, ó rí i pé ìparí ìkẹwàá ni. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó mọ ẹni tó yan ẹ̀pà inú rẹ̀. Ó ká a, ó fi í sínú kẹ́ẹ̀pù.

"Ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún ọ. Ó ní tí ìdáhùn bá jáde, ìwọ á padà sídìí ẹ̀pà, òun á padà sídìí irin tí ọkọ̀ kì í gbà. Ó ní láti ọjọ́ tó o ti gbé àpótí rẹ wá síwájú pátákó yẹn, òun ò rántí pé wọ́n dá òun dúró."

Títílayọ̀ wọlé, ó gbé kẹ́ẹ̀pù. Lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ ni bébà náà wà, tó ń rùn kẹrosíìnì títí di ọjọ́ náà, tí èèpo ẹ̀pà kan ṣì lẹ̀ mọ́ igun rẹ̀. Méjì tí ó ń gbé sípò láràárọ̀ wà níbẹ̀, níbi tó gbé e sí gẹ́lẹ́. Ìyàndá ti fi pẹ́ńsù yí i po. Ìyẹn ni pé lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta, ìyàwó ń fi ọgbọ́n tò ó, ọkọ ń fi ọgbọ́n tú u ká, àwọn méjèèjì sì ń dibọ́n pé eré ló le.

Ó ká bébà padà. Ó jáde, ó gbé ìdérí mẹ́ta tó kù sípò, ọ̀kan, mẹ́rin, méje. Kò sí ìjàm̀bá. Ó dé kẹ́ẹ̀pù, ó gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n. Adìyẹ sá. Gbogbo àdúgbò dúró gbọn-in pẹ̀lú ìkòkò, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n yíjú sí ilé Ìyàndá, títí Títílayọ̀ fi na àsíá aláwọ̀ ewé sókè.

Lẹ́yìn náà ló gbá gbogbo ìdérí sínú agolo, ó mì í, ó sì wo Kúlúsúmù.

"Màá kọ́ ọ."

"Èmi?" Kúlúsúmù wo pátákó, ó wo igi tó wà lórí rẹ̀. "Níbo ni ipò mi?"

Títílayọ̀ nàka sí iwájú pátákó, níbi tí àga Ìyàndá ti máa ń wà, níbi tí oòrùn mú jù. Kúlúsúmù pòṣé. Ó dìde, ó gbé àpótí rẹ̀, ó rin ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì jókòó sínú oòrùn.